Ẹ̀yin Olóòtú, dídá kúlà padà kọ́ ni fífọ kúlà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Mi ò kí ń kọ lẹ́tà sílé ìwé ìròyìn, ìyá mi ló ń ra tiyín, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni, wọn ò tíì ní ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Gbági tán tí wọ́n á ti rà á, èmi kàn máa ń kà á tí mo bá yà sọ́dọ̀ wọn ni, ojú ewé bọ́ọ̀lù ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí, ẹ má bínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí lórí fóònù, inú wọn ń dùn, wọ́n ní, "Àkànbí, ṣé o ti rí i, wọ́n ní ká fọkàn balẹ̀ o, pé àgádágodo kékeré tó máa ń wà lókè tá a bá ń lo báńkì lórí fóònù yẹn, kò sólè ayé kankan tó lè já a." Mo ní, "Màámi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n ní ẹ̀yin ni.

Mo wá ka àpilẹ̀kọ yẹn. Òótọ́ pọ̀ nínú ẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ yín. Ìṣirò tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ pa kó tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, ó le lóòótọ́, ọ̀pọ̀ olè ò tiẹ̀ kí ń fi àkókò wọn ṣòfò lórí ẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ parí ọ̀rọ̀ sí ni mi ò bá yín dé. Ẹ ṣe é bíi pé àgádágodo ni gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ ò béèrè pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà nígbà tí wọ́n ń fi ṣí i lọ́wọ́, àti pé níbo ló já sí lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i tán. Ibẹ̀ yẹn lèmi ti ń jẹun láti bí ọdún mẹ́jọ, torí náà ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi, tó bá gùn jù ẹ bá mi gé e, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ kúlà.

Púrógíráàmù tó ń ṣe iṣẹ́ àgádágodo yẹn, èyí tó pọ̀ nínú wọn, èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní C ni wọ́n fi kọ ọ́. OpenSSL tó wà lórí sáfà káàkiri ayé, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń dá wa lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, C ni. libsodium tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀, C ni. Libgcrypt tí GnuPG, tí wọ́n fi ń ti íméèlì àti fáìlì pa, ń lò, C náà ni. C ti dàgbà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó yára bí àṣá, agbára káká lẹ fi máa rí ẹ̀rọ tí ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò kí ń báèèyàn palẹ̀ mọ́, ohun tó o bá dà sílẹ̀ ìwọ lo máa gbá a. Tí púrógíráàmù bá fẹ́ àyè nínú mẹ́mọ́rì, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, láti kó nǹkan sí, á ké sí malloc, tó bá ti lò ó tán, á ké sí free.

Ẹ jẹ́ ká fi kúlà ìnáwó ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń fi àga àti kúlà háyà, ẹ gbé kúlà kan, ẹ kó ẹran àti ọbẹ̀ sínú ẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n mu, ilẹ̀ ṣú, ó ti rẹ gbogbo èèyàn, ọmọ kan kàn gbé kúlà padà bó ṣe wà. Ìyá yẹn ò ṣí i wò, ó fàmì sínú ìwé ẹ̀ pé kúlà ti dé, ó parí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ẹlòmíì háyà kúlà yẹn kan náà, ó ṣí i, ó bá egungun ẹran yín nínú ẹ̀, ó sì ti mọ irú ẹran tẹ́ ẹ pa. Ohun tí free ń ṣe gan-an nìyẹn. Kò fọ nǹkankan. Ó kàn ń sọ fún ẹni tó ni kúlà pé mo ti ṣetán, ohun tó wà nínú ẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, bóyá yàtọ̀ sí báìtì díẹ̀ (báìtì kan tó bíi lẹ́tà kan) tí olówó kúlà fi kọ ìwé tiẹ̀, títí dìgbà tí ẹlòmíì á fi da tiẹ̀ lé e lórí. Tó bá jẹ́ àwòrán ọmọ yín ló wà níbẹ̀ kò burú púpọ̀. Tó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ńkọ́?

Ojú mi ló ṣe o. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, à ń kọ sọ́fítíwìá sínú ẹ̀rọ POS. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó mọṣẹ́ gan-an, òun ló kọ apá tó ń gba PIN oníbàárà tó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa kó tó fi ránṣẹ́ sí báńkì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan púrógíráàmù náà kú lójijì lórí tábìlì wa, Linux, púrógíráàmù àgbà tó ń darí ẹ̀rọ náà, sì ṣe ohun tá a ní kó máa ṣe, ó da gbogbo mẹ́mọ́rì púrógíráàmù yẹn sínú fáìlì kan ká lè mọ ohun tó pa á. Core dump lorúkọ ẹ̀. Mo ṣí fáìlì yẹn, mo ní kí n kàn wá kọ́kọ́rọ́ tá a fi ń dán ẹ̀rọ wò nínú ẹ̀, ẹ gbà mí o, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti rí i, àwọn PIN tá a ti tẹ̀ láti àárọ̀ sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹ̀kọ lórí àtẹ. Mo pe ọmọ náà, ó wò ó, ó ní, "Brọ̀dá, mo mà free gbogbo wọn o." Òótọ́ ló sọ. Ó free gbogbo wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta? realloc ni. Kúlà tó kọ́kọ́ gbà ò gba ẹrù ẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n bá òun wá èyí tó tóbi sí i, realloc háyà òmíì, ó da ẹrù sínú tuntun, ó sì dá ti àtijọ́ padà láì fọ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. OpenSSL ní OPENSSL_clear_realloc tó máa ń fọ ti àtijọ́ kó tó dá a padà, àwa ò lò ó, a ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Mo ní kó fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà. Ó fi memset kún un, tó ń da òdo lé gbogbo ẹ̀ lórí, ó wá free. A tún pa ẹ̀rọ, a tún ṣí core dump, kọ́kọ́rọ́ ṣì ń wò wá! Kọ̀ǹpáílà, ìyẹn púrógíráàmù tó ń sọ ohun tá a kọ di èdè ẹ̀rọ, ọlọ́gbọ́n ni, ó tiẹ̀ ti gbọ́n jù fún iṣẹ́ tiwa. Ó wò ó pé èèyàn yìí fẹ́ da òdo sínú kúlà, kò sì ní ṣí kúlà yẹn wò mọ́, ṣe ló fẹ́ dá a padà, kí ló wá ń fọ̀ ọ́ fún, ó bá yọ ìlà fífọ̀ yẹn kúrò pátápátá kí púrógíráàmù lè yá. Kò sì ṣẹ̀, òfin èdè C gbà á láyè. Ìdí nìyẹn tí OpenSSL fi ní OPENSSL_cleanse, tí OpenBSD, tó ń darí ẹ̀rọ bíi ti Linux, ṣe explicit_bzero, tí glibc ti Linux gbà á wọlé ní 2017, tí Windows ní SecureZeroMemory, tí C23, ẹ̀dà tuntun òfin èdè C, náà wá ní memset_explicit. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, wọ́n ń sọ fún kọ̀ǹpáílà pé fọ̀ ọ́, má bá mi ronú.

Kí ẹ má lọ rò pé ìmọ́tótó ló ń gbani nígbà gbogbo o. Ní 2006, ẹni tó ń tọ́jú OpenSSL fún Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, lo Valgrind, irinṣẹ́ kan tó máa ń pariwo tí púrógíráàmù bá ń ka mẹ́mọ́rì tẹ́nikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí. Valgrind pariwo, ọkùnrin náà yọ ìlà tó ń fa ariwo, ilẹ̀ dákẹ́. Ó wá jẹ́ pé ara ohun tó yọ yẹn ló ń po ohun tẹ́nikẹ́ni ò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n má baà jọra. Àfi nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2008 tí wọ́n kéde ohun tí Luciano Bello, ará Debian náà, rí: nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fún púrógíráàmù nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń ya kọ́kọ́rọ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nọ́ńbà yẹn ò sì ju 32,768 lọ. Olè á kàn jókòó, á máa dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí èyí tó tóbi jù. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 2014 ni ayé gbọ́ nípa Heartbleed, àṣìṣe kan nínú OpenSSL. Ó ní nǹkan kan nínú TLS, ọ̀nà tí ẹ̀rọ méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láṣìírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní heartbeat, ó dà bí ìgbà téèyàn ń sọ lórí fóònù pé "Hẹ́lò, ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ mi?" Ẹ̀rọ kan á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, á tún sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó, ẹ̀rọ kejì á dá ọ̀rọ̀ náà padà bó ṣe gbà á. Àṣìṣe tó wà nínú OpenSSL ò ju pé ó gba gígùn tí wọ́n sọ fún un gbọ́, kò wọ̀n ọ́n wò. Ẹ lè fi lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́, kẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ mi gùn tó báìtì 65,535, sáfà á ní kò burú, á háyà kúlà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, á bu lẹ́tà kan yẹn sínú ẹ̀, kúlà ò tíì kún, á wá máa bu ohunkóhun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì títí kúlà á fi kún, á dì í, á fi ránṣẹ́ sí yín, á tún kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kílóbáìtì 64 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí ohun tó máa wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ sáfà pé ẹ wá.

Kí ló wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn? Kúlà àwọn ẹlòmíì tí wọ́n ti dá padà láì fọ̀. Pásíwọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, kúkì, àmì tí sáfà fi ń dá oníbàárà mọ̀, wà níbẹ̀, nígbà mìíì kọ́kọ́rọ́ sáfà gan-an. Àwọn kan ń jiyàn pé ti kọ́kọ́rọ́ ò ṣeé ṣe, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan, Cloudflare, bá gbé sáfà kan kalẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lè jí kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kó bọ́ síta, kò pé ọjọ́ kan tí púrógíráámà kan, Fedor Indutny, fi gbé e wá. Ní Kánádà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ èèyàn bíi 900 ló lọ láti ọ́fíìsì owó orí ìjọba. Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2011 ni kóòdù yẹn wọ inú OpenSSL, ẹ wo alẹ́ tí wọ́n mú, alẹ́ ọdún tuntun, tí gbogbo ayé ń múra ijó. Ó jáde nínú ẹ̀dà 1.0.1 ní oṣù Kẹta 2012. Ó lé lọ́dún méjì kí Neel Mehta ti Google àti àwọn ará Codenomicon ní Finland tó rí i, kálukú lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ kóòdù yẹn wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà á.

Ó wá ku ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí, òun ni mo tiẹ̀ torí ẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà. malloc àwọn ẹ̀rọ kan ti ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú irú ìwà yìí, ti OpenBSD lè fi kúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá nawọ́ kọjá ààlà, púrógíráàmù á kú sójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n OpenSSL ìgbà yẹn ò kí ń dá kúlà padà fún ẹ̀rọ. Ó ní malloc àwọn ibì kan lọ́ra, ó bá ní yàrá ìkẹrùsí tiẹ̀ lẹ́yìnkùlé, freelist ni wọ́n ń pè é, tó bá lo kúlà tán á jù ú síbẹ̀, tó bá tún fẹ́ òmíì á gbé èyí tó wà lókè, gbogbo ẹ̀ṣọ́ tí ẹ̀rọ gbé sẹ́nu ọ̀nà ò rí nǹkankan. Theo de Raadt tó jẹ́ olórí OpenBSD bínú débi pé gbogbo ayé gbọ́. Ted Unangst tó jẹ́ ara wọn wá gbìyànjú láti pa freelist yẹn kó lè lo malloc gidi, OpenSSL ò ṣiṣẹ́ mọ́! Ó wá wò ó, ó rí i pé ibì kan wà tí púrógíráàmù náà ti ń jù kúlà sí yàrá, tó sì tún ń padà lọ gbé e kíákíá pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹran òun ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó dá kúlà oníkúlà padà tó tún lọ bẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì pé bóyá ẹran ṣẹ́ kù. Wọn ò bá OpenSSL ṣe mọ́, oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ya LibreSSL kúrò lára ẹ̀.

Àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí pàápàá máa ń ṣì í ṣe. Akamai, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń pín wẹ́ẹ̀bù káàkiri ayé, bọ́ síta nínú oṣù Kẹrin yẹn pé tiwọn yàtọ̀, pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí àwọn ti ní ọ̀nà tí àwọn fi ń kó kọ́kọ́rọ́ sí yàrá ọ̀tọ̀, wọ́n tiẹ̀ gbé kóòdù ẹ̀ síta kí ayé bá wọn lò ó. Willem Pinckaers kà á, ó ní ẹ dúró ná, nǹkan mẹ́fà ló jẹ́ àṣírí nínú kọ́kọ́rọ́ RSA, irú kọ́kọ́rọ́ tí sáfà ń lò, mẹ́ta péré lẹ kó sí yàrá. Akamai ò jà, wọ́n gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ oníbàárà. Mo fẹ́ràn wọn fún ìyẹn.

Nínú nǹkan tí wọ́n gbé síta yẹn ni OPENSSL_secure_malloc ti wá, tó wọ OpenSSL 1.1.0 ní 2016. Á ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, á mọ ògiri síwájú àti sẹ́yìn ẹ̀, á bẹ ẹ̀rọ pé má gbé ilẹ̀ yìí lọ sórí díìsìkì, tó bá jẹ́ Linux á tún sọ fún un pé bí mo bá kú, má da eléyìí mọ́ core dump. Ẹ ò rí i pé ohun tó ṣe wá nìyẹn. Àmọ́ ó ní ẹ̀tàn: ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké sí CRYPTO_secure_malloc_init, tẹ́ ẹ bá gbàgbé, OPENSSL_secure_malloc ò ní pariwo, kò ní kọ̀, á kàn ṣe bí OPENSSL_malloc lásán, ẹ̀yin á sì máa yangàn pé secure ló wà lórúkọ ẹ̀. Init yẹn náà, tó bá dá 0 padà ó kùnà, 1 ó dáa, 2 ó dáa díẹ̀, ìyẹn ni pé ilẹ̀ wà ṣùgbọ́n ó kùnà láti dáàbò bò ó. Mélòó nínú wa ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá 2 ni? Mo ti ka kóòdù tó tó mi í kà, if lásán, tí kò kí ń dá ohunkóhun dúró àyàfi 0, ni wọ́n máa ń kọ, 2 náà á sì gbabẹ̀ kọjá bí ọmọ ọlọ́jà.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n yàn, sodium_malloc ti libsodium ni mo máa yàn fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, torí ó ṣòro láti ṣì í lò. Á gbé ẹrù yín sí ìparí ojú ewé mẹ́mọ́rì, ògiri ló máa tẹ̀ lé e, kó má baà sẹ́ni tó máa nawọ́ kọjá bíi ti Heartbleed. Á fi nọ́ńbà kan síwájú ẹrù náà tí wọ́n ń pè ní canary, ẹyẹ ìbákà, tẹ́nikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, nígbà tẹ́ ẹ bá ké sí sodium_free á rí i pé ìbákà ti kú, á pa púrógíráàmù náà. Kúlà tuntun, nọ́ńbà kan tí wọ́n ń kọ ní 0xdb ló máa ń kún inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, sodium_free sì máa ń fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà, ẹ ò ní láti rántí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní títì títí ẹ fi máa nílò ẹ̀, sodium_mprotect_noaccess wà.

Ó lówó lórí o. Kọ́kọ́rọ́ báìtì 32 péré lè gba ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àfikún, báìtì 4,096 sì ni ojú ewé kan lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ó sì lọ́ra ju malloc lọ. Ẹ ò lè fi kó gbogbo ẹrù. Linux náà ò kí ń jẹ́ kéèyàn ti mẹ́mọ́rì mọ́lẹ̀ bó ṣe wù ú, fún ọ̀pọ̀ ọdún kílóbáìtì 64 ló máa ń fún púrógíráàmù lásán, ẹ wo nọ́ńbà yẹn náà. Kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ fi kó, àti PIN, ẹ jẹ́ kí ìyókù lo malloc wọn. Ọmọ ọ́fíìsì wa yẹn ti ń lò ó báyìí, ó sì ń ráhùn sí mi létí ní gbogbo ìgbà pé brọ̀dá, ó lọ́ra, mo ní kó máa ráhùn lọ.

Olóòtú, nǹkan méjì ni mo ń tọrọ. Ẹ bá wa tún ìlà tó ní kò sólè tó lè já a yẹn sọ, ẹ lè ní kò sólè tó lè já àgádágodo, ìyẹn ò parọ́ púpọ̀. Èkejì, ìgbà míì tẹ́ ẹ bá fọ̀rọ̀ wá ọ̀gá báńkì kan lẹ́nu wò, tó bá ń sọ pé encryption wa, ìyẹn àgádágodo wọn, dára jù, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ wá bi í pé lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ṣiṣẹ́ tán, kí ni púrógíráàmù yín ń fi ṣe? Tó bá ní kí ni ìtumọ̀ ìyẹn, ẹ tẹ èsì ẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Mo ka lẹ́tà yìí fún ìyá mi kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní malloc ò yé àwọn, àmọ́ ìyá oníkúlà yẹn, àwọn mọ̀ ọ́n, Gbági ni wọ́n jọ wà, owó fífọ̀ ni wọ́n máa ń gbà ṣíwájú kí wọ́n tó gbé kúlà jáde, wọn ò kí ń gbára lé ẹnikẹ́ni. Mo ní Màámi, sodium_malloc nìyẹn. Wọ́n tún béèrè pé kí làwọn máa wá ṣe báyìí, mo ní tí fóònù bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun ṣe àtúnṣe àápù, ẹ gbà fún un, ẹ má máa sọ pé ó ń jẹ dátà.

Èmi ni tiyín,
Púrógíráámà kan láti Ìbàdàn